Mi Ò Rí Bọ́ọ̀lù Náà, Mo Sì Dájọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi. Tí ẹ bá ń gbé ní Bàríga tàbí Ṣómólú, tí ẹ sì fẹ́ràn sùnúkà, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kí mi rí, kí ẹ sì ti pè mí ní Bàbá. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu mi ò gbà á níwájú àwọn tó mọ̀ mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún àwọn tí kò mọ̀ mí.

Mo ṣẹ ẹnì kan. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Mo ṣẹ̀ ẹ́, mo sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ wá máa bẹ̀ mí. Ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ fẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú gbogbo ènìyàn, kó ní kí n dárí ji òun. Látìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ ara mi ń rí mi lára.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Mo wọ girama díẹ̀, kí èmi àti ilé ìwé tó jọ gbà pé kí kálukú máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àtúnṣe tábìlì ló gbé mi dé ìdí sùnúkà. Èmi ni wọ́n ń pè tí tábìlì bá dagun tàbí tí aṣọ àwọ̀ ewé tó wà lórí rẹ̀ bá ya. Ibi tí mo ti ń dúró wò wọ́n ni mo ti mọ òfin eré náà. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n wá máa ṣe rẹfirí.

Wọ́n fún mi ní ìbọ̀wọ́ funfun, torí pé rẹfirí sùnúkà kì í fi ọwọ́ lásán gbé bọ́ọ̀lù. Ẹ ò mọ ohun tí ìbọ̀wọ́ funfun máa ń ṣe fún káfíńtà. Ọmọ tí kì í kí mi tí mo bá gbé ayùn lọ́wọ́, tó bá rí mi nínú ìbọ̀wọ́, á tẹ orí ba. Mo fẹ́ràn ìtẹríba yẹn jù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́.

Ní àdúgbò wa, a máa ń gbá sùnúkà jákèjádò ọdún, láti gbọ̀ngàn kan bọ́ sí òmíràn, láti Ladi-Lak dé Akoka. Ẹni tó bá borí ń gba máàkì. Tí ọdún bá fẹ́ parí, àwọn mẹ́jọ tí máàkì wọn ga jù nìkan ni wọ́n ń pè wá sí eré àṣekágbá. Eré Àwọn Mẹ́jọ là ń pè é. Kò sí pé o mọ ẹnì kan níbẹ̀. Bàbá rẹ lè ni gbọ̀ngàn, tí o ò bá sí nínú mẹ́jọ, àga lo máa jókòó sí bíi tàwa yòókù, wàá sì máa jẹ ẹ̀pà.

Ohun kan tún wà nínú sùnúkà tí kò sí nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ṣe fáùlù, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́. Tí etí aṣọ rẹ bá fara kan bọ́ọ̀lù, tí ẹnikẹ́ni ò sì rí i, o gbọ́dọ̀ yíjú sí rẹfirí kí o sọ pé, “Fáùlù ni, mo kàn án.” Àwọn ọmọ wa máa ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn, torí òun ni mo fi ń jẹun nígbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, ojú mi ń lọ. Ó kọ́kọ́ dà bí èéfín. Mo rò pé àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ló ń yan ẹja. Lọ́jọ́ kan, mo kí aṣọ kan tí wọ́n sá sórí okùn. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀ mà.” Kò dáhùn. Mo bínú sí i, mo ní àwọn obìnrin àdúgbò yìí ti ń gbéra ga jù.

Bùkọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì ni, ọ̀nà Igbóbì ló ń gbé. Òun ló kọ́kọ́ wò mí lójú dáadáa. Ó ní, “Ánkù, nǹkan funfun ti bo ojú yín. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Mo ní, “Ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Iná yín ló ṣe bàìbàì.”

“Ánkù, ọ̀sán la wà. Kò síná.”

Mo yí ọ̀rọ̀ padà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹnì kan tó máa ń gẹ irun mi ti sọ fún mi pé wọ́n á yọ ojú jáde ni, wọ́n á gbé e sórí àwo, wọ́n á fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n á wá dá a padà. Èmi, àgbàlagbà, mo gbà á gbọ́. Ohun tí mo ń rò ni pé tí ológbò bá wọlé nígbà tí ojú mi wà lórí àwo ńkọ́? Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín, ó tọ́ sí mi.

Nítorí náà mo dákẹ́. Mo há ipò tí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan máa ń wà sórí. Mo ń fi etí gbọ́ bí bọ́ọ̀lù bá lu bọ́ọ̀lù. Tí bọ́ọ̀lù bá wọ ihò tí mi ò mọ àwọ̀ rẹ̀, mo máa ń dúró díẹ̀ kí àwọn òǹwòran pariwo rẹ̀, kí n tó fi ohùn àgbà kéde. Wọ́n ní mi ò kì í kánjú. Wọ́n ní rẹfirí onísùúrù ni mí. Fáùlù tí mi ò sì rí, àwọn tó ṣe é ló ń sọ ọ́ fún mi. Òótọ́ inú wọn ni mo sọ di ojú.

Nínú wọn, kò sẹ́ni tó máa ń sọ fáùlù ara rẹ̀ tó Táyọ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí ọ̀sà ní Bàríga ni wọ́n ti tọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja, ó ń tà á, èéfín sì ti wọ̀ ọ́ láyà, ó máa ń wúkọ́ ṣáá. Ọwọ́ òsì ni Táyọ̀ fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn àgbà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Táyọ̀, ọwọ́ òsì lo fẹ́ fi na ọmọ ọlọ́mọ?”

Á ní, “Ẹ má bínú, sà. Tí mo bá nà yín tán, ọ̀tún ni màá fi kí yín.”

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òun àti Múfú ló kù nínú Eré Àwọn Mẹ́jọ. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Múfú ń ṣe ní Ṣómólú. Ó mọ sùnúkà gbá, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó lè máa bá ọ̀pá tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí eré. Alága ẹgbẹ́ wa sì ti kéde pé ẹni tó bá borí lọ́dún yẹn ni wọ́n máa gbà síṣẹ́ ní gbọ̀ngàn tuntun kan ní Akoka, kó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní sùnúkà. Iṣẹ́ olówó oṣù ni. Gbogbo wa la mọ ohun tí Táyọ̀ fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣe. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé ọjọ́ tí òun bá bẹ̀rẹ̀, ìyá òun ò ní dúró ti èéfín mọ́.

Wọ́n gbá a títí ó fi ku bọ́ọ̀lù dúdú nìkan. Tó bá ti ku dúdú nìkan, fáùlù ẹyọ kan ló ń parí eré. Múfú gbá bọ́ọ̀lù funfun, èyí tí à ń fi ọ̀pá gbá lu àwọn yòókù. Funfun lu dúdú, méjèèjì yí lọ kan etí tábìlì, funfun sì rọra yí padà, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan sí i létí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù kí n ṣàlàyé. Tí funfun bá fara kan dúdú, rẹfirí gbọ́dọ̀ sọ pé ó kàn án. Nígbà náà, ẹni tó kàn láti gbá á lè rọra gbá funfun kúrò níbẹ̀, kò sí fáùlù. Àmọ́ tí funfun ò bá kan dúdú, bó ti wù kí ààyè àárín wọn kéré tó, dandan ni kó gbá dúdú. Tí kò bá gbá a, fáùlù ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹfirí labẹ gé. Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn.

Táyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì, ó wò ó. Ó nàró, ó ní, “Bàbá, ó kàn án, àbí kò kàn án?”

Mo bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí dà bí ìgbà tí wọ́n da mílíìkì sínú tíì, tí wọn ò tíì rò ó. Mi ò mọ ibi tí funfun parí sí, mi ò mọ ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ́jú. Mílíìkì yẹn ló tún wà níbẹ̀. Òógùn bò mí, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́ sí mi lórí.

Mo rò ó báyìí. Tí mo bá ní ó kàn án, tí ẹnì kan tójú rẹ̀ mọ́ sì rí ààyè láàárín wọn, wọ́n á ní Bàbá ò ríran mọ́. Wọ́n á gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá ní kò kàn án, ẹrù á kúrò lórí tèmi, á bọ́ sórí Táyọ̀. Ẹ wò ó bí mo ṣe ń ronú. Kò sí bọ́ọ̀lù kankan nínú rẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

Mo ní, “Kò kàn án.”

Táyọ̀ ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò.”

“Mo ti wò ó.”

“Ó kàn án, Bàbá. Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀.”

“Ṣé ìwọ ni rẹfirí ni?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, “Táyọ̀, gbá bọ́ọ̀lù jàre, o ò wá ṣe lọ́yà níbí.” Múfú nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó, ó ń pa ṣọ́ọ̀kì sẹ́nu ọ̀pá rẹ̀. Múfú tẹ́nu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó yẹ kí n ti fura.

Táyọ̀ wá gbá a bí ẹni tó mọ̀ pé ó kàn án. Ó rọra gbá funfun kúrò. Mo dẹ etí, mi ò gbọ́ ìró kankan lára dúdú. Mo kéde fáùlù. Eré parí síbẹ̀. Àwọn ará Ṣómólú gbé Múfú sókè.

Táyọ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Ó wá bá mi. Kò pariwo. Ó ní, “Bàbá, ojú yín ò ríran mọ́. Mi ò fi bú yín o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀.”

Nínú gbogbo àwọn tó ń pè mí ní Bàbá nínú gbọ̀ngàn yẹn, òun nìkan ló rí ohun tó ń ṣe mí. Ó sì rọra sọ ọ́, lẹ́yìn tí mo ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ tán.

Àmọ́ àwọn tó wà nítòsí ti gbọ́ ọ. Bàbá kan ní, “Háà, ó bú àgbà. Ó pe àgbà ní afọ́jú.” Òmíràn ní, “Ìyá ẹ ni ò ríran.” Ni ariwo bá sọ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lù ú.

Ẹ ń retí pé kí n sọ pé mo dá wọn lẹ́kun. Rárá. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo jù ú sórí tábìlì. Mo ní mi ò ṣe mọ́, pé ọmọ tí mo tó bí ti wọ́ mi nílẹ̀. Mo yíjú, mo ń bínú lọ. Mo lọ forí sọ férémù ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ẹ wò ó bí inú ṣe ń bí Bàbá tó.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Alága bi mí pé ṣé mo rí bọ́ọ̀lù náà dáadáa. Mo ní mo rí i bí mo ṣe ń rí òun yìí. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Mi ò rí òun náà dáadáa.

Wọ́n ní kí Múfú máa gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n ní Táyọ̀ ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ mọ́, àfi tó bá wá dọ̀bálẹ̀ fún mi ní gbangba, tó sì sọ pé òun purọ́ mọ́ mi. Táyọ̀ ní òun lè dọ̀bálẹ̀ torí pé àgbà ni mí, kò pa òun lára. Ó ní àmọ́ òun ò ní sọ pé òun purọ́. Alága ní méjèèjì ló jọ ń rìn. Táyọ̀ kí wọn, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Múfú wá sílé mi. Ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò dání. Ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣeun. Mo mọ ohun tí ẹ ṣe fún mi.”

Mo ní, “Kí ni mo ṣe?”

“Ah, Bàbá. Ibi tí mo jókòó sí, mo rí i kedere. Ó kàn án. Ó kàn án pátápátá. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi ni.”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ dájú. Mo lè sọ fún un pé mi ò ríran. Mo lè sọ pé àṣìṣe ni, ká jọ lọ bá Alága. Ẹ fojú inú wò mí níbi tí mo jókòó sí. Mo rẹ́rìn-ín padà. Mo ní, “Múfú, má sọ ọ́ síta.” Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó máa pè mí ní olójúsàájú, kó ṣáà má pè mí ní afọ́jú. Mo mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà.

Èyí tó burú jù ni ti ìyá Táyọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló wá, òun àti àbúrò ọkọ rẹ̀ kan. Ó gbé ẹja yíyan wá, ó fi bébà wé e. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà mi. Ó wúkọ́ kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá, ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n sọ. Ìṣe ọmọdé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú mi.”

Mo wo ojú rẹ̀. Mi ò rí i.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní, “Bàbá, a ò wá jàre. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀.”

Ẹ wò ó, àṣà wa dára, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ máa ń dùn létí ẹni tó jẹ̀bi ju létí ẹni tó jàre lọ. Mo ti sún àga mi sẹ́yìn. Mo ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo bá wọn sọ̀rọ̀ títí lórí àwọn ọmọ òde òní, pé wọn ò lẹ́kọ̀ọ́, pé wọn ò mọ àgbà. Mo ní mi ò ní nǹkan kan nínú sí ọmọ náà, kó ṣáà wá fúnra rẹ̀, kó sọ ohun tí wọ́n ní kó sọ. Mo gbàdúrà fún obìnrin yẹn. Mo ní Ọlọ́run á la ojú ọmọ rẹ̀. Ó ṣe àmín. Ó ṣe é tọkàntọkàn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tú bébà náà. Mo fi ẹ̀bà jẹ ẹja náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó dùn. Ohun tó ń rí mi lára títí di òní nìyẹn. Ká ní ó korò ni, màá sọ pé ẹ̀rí ọkàn mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó dùn, mo fa egungun rẹ̀ mu, mo fọwọ́ nu ẹnu. Obìnrin tó yan ẹja yẹn ń wúkọ́ lọ sílé.

Táyọ̀ padà sórí omi. Ó bá àwọn ẹbí rẹ̀ lọ pẹja. Ìyá rẹ̀ padà sídìí èéfín.

Èmi náà ń ṣe rẹfirí lọ, títí ọjọ́ kan tí mo já sínú gọ́tà ní Ladi-Lak, níṣojú àwọn ọmọ iléèwé. Omi gọ́tà wọ̀ mí lẹ́nu. Bùkọ́lá wá gbé mi, kò tún bẹ̀ mí mọ́, ọsibítù ló gbé mi lọ tààrà. Mo pariwo ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n lé gbogbo ológbò jáde. Dókítà wo Bùkọ́lá, Bùkọ́lá wo ilẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà ò pẹ́ tó ìgbà tí wọ́n fi ń gẹ irun mi. Ẹnikẹ́ni ò yọ ojú mi sórí àwo kankan. Nítorí ohun tí kò tó nǹkan yìí ni mo ṣe ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Nígbà tí wọ́n tú ojú mi, tí mo délé, mo mú ìbọ̀wọ́ funfun mi jáde kí n fọ̀ ọ́. Kò funfun. Ó ti dà bí ẹrọ̀fọ̀. Orí ìka rẹ̀ dúdú, òógùn ti gbẹ mọ́ ọn, ó ń rùn. Mo ti ń wọ nǹkan yẹn níwájú ènìyàn láti ìgbà tí mi ò mọ̀, mo ń na ìka, mo ń rò pé mo mọ́. Gbogbo wọn ń rí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rántí ohun tí ojú Táyọ̀ rí.

Mo sọ fún àwọn ènìyàn pé mo lọ sí ìlú wa ní Ìjẹ̀bú, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rí mi. Mo ra ìbọ̀wọ́ tuntun.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé ìyá Táyọ̀ pẹ̀lú ojú tuntun mi, ó ń bọ̀ láti etí omi pẹ̀lú agbada ẹja lórí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá iná. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ kó lè ráyè kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní, “Ẹ dìde, ẹ dìde,” mo sì sáré kọjá bí ẹni tí ajá ń lé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, obìnrin yẹn tún lọ bẹ Alága. Wọ́n ní kí Táyọ̀ máa bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n tó bá wọ àwọn mẹ́jọ, kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, kó wá ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Táyọ̀ gbá a. Ó gbá a bí ẹni tí ebi ń pa. Òun ni máàkì rẹ̀ ga jù nínú gbogbo wọn báyìí. Múfú ti fi iṣẹ́ Akoka sílẹ̀, ó ti kúrò ní Èkó. Iṣẹ́ náà tún ṣófo, wọ́n sì ní ẹni tó bá borí lọ́dún yìí ló máa gbà á.

Alága fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ ti borí. Ọmọ yẹn ti gbà. Dókítà ti sọ pé ìyá rẹ̀ ò gbọdọ̀ fa èéfín mọ́, ló bá gbà. Ó máa dọ̀bálẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, ó sì máa sọ pé òun purọ́.”

Mo bi í pé, “Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ó ní ohunkóhun tí a bá fẹ́ lòun máa sọ.”

Táyọ̀ ni o. Ọmọ tó máa ń sọ fáùlù ara rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò rí i. Òun ni a fẹ́ mú kó jẹ́wọ́ fáùlù tí kò ṣe. Èmi tí mo ṣe é, wọ́n ní kí n wọ ìbọ̀wọ́, kí n wá gba ẹ̀bẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún Bùkọ́lá. Òun nìkan ni mo tíì sọ ọ́ fún. Ó gbọ́ mi títí dé ìparí. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní, “Ánkù, ẹja yẹn, ẹ jẹ ẹ́?”

Mo ní mo jẹ ẹ́.

Ó dìde, ó lọ ń fọ abọ́.

Mo gbìyànjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú. Mo lọ sílé Táyọ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo ti tò ó sẹ́nu láti ilé, bí màá ṣe sọ ọ́. Òun ò sí nílé. Ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó sáré gbé àga wá, ó fi ìdí ìró rẹ̀ nu orí àga kí n tó jókòó. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ tún ń bọ̀? Ẹ̀yin lẹ tún wá wò wá?” Ó ń sunkún ìdùnnú. Ó pe àwọn ará ilé jáde pé kí wọ́n wá wo àgbà tó nínú ire. Gbogbo ohun tí mo tò sẹ́nu, mo gbé e mì. Mo béèrè àlàáfíà rẹ̀. Mo gbàdúrà fún un. Mo lọ sílé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní kí n kọ̀wé sí Alága, kí n má yọjú. Tí mi ò bá yọjú, wọ́n ní wọ́n á sún ìdọ̀bálẹ̀ náà sí ọjọ́ mìíràn ni, Táyọ̀ ò sì ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn. Àwọn mìíràn á ní kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, kí ojú tì mí dáadáa. Mo gbà pé ó yẹ kó tì mí. Ọmọ yẹn ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi ju pé kí n tún bọ́ọ̀lù wò lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ gan-an nìyí. Níbo ni kí n dúró sí? Ṣé kí n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn láti àárọ̀, kí n dì í mú kó tó wọlé? Àbí kí n sọ fún Bùkọ́lá kó bá mi wá, kó fi ọwọ́ tì mí lẹ́yìn? Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí màá ṣe kí ọmọ yẹn tó tẹ̀ síwájú mi. Mo mọ ara mi. Tí àyà rẹ̀ bá fi lè kan ilẹ̀ kí n tó lanu, màá fọwọ́ kàn án léjìká, màá ní kó dìde, màá sì gbàdúrà fún un.